Ọmọ Oṣù Mẹ́fà, Igi Ogún Ọdún

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn olùkọ́ wọn àti àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Adó-Èkìtì. Mo ti yọ àwọn ibi tí ẹ̀rín ti pọ̀ jù kúrò kí ó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń rán yín lọ ṣe, mo kí ẹ̀yin náà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ti wà lápò àwọn kan nínú yín, tí ẹ ń retí kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ lè fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ mú sùúrù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo mọ ẹjọ́ tiyín náà: ẹ ní àwọn ọmọ tí mo ń kó wá sóko kò mọ ọkọ́ dì mú. Òótọ́ ni. Nítorí ìhà méjèèjì ni mo ṣe wá.

Etí igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, ni oko permaculture tí mo ń bójú tó wà, ní agbègbè Ìṣẹ̀-Èkìtì; oko tí a ṣètò kí ó máa ṣe bí igbó ni. Ẹni tó bá mọ igbó yẹn mọ̀ pé kì í ṣe igbó lásán. Ìnàkí (chimpanzee) ṣì wà níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló ń gbé. Ẹ̀yà ìnàkí mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ kà ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa yìí ló kéré jù níye, àwọn tó ń ṣírò wọn sì fi gbogbo wọn sáàárín 3,500 sí 9,000. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú wọn ní Èkìtì kò pọ̀ rárá. Abà àgbẹ̀ kòkó ló yí igbó náà ká. Bí ilẹ̀ abà bá ti ṣá, ojú àgbẹ̀ á lọ sínú igbó ọba, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú kù sí. Ìdí tí oko wa fi wà níbẹ̀ nìyẹn: kí àgbẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ilẹ̀ kan náà lè bọ́ ènìyàn lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ó ṣí kúrò níbẹ̀.

Àwọn tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ni kì í pẹ́. Ọmọ IT, oṣù mẹ́fà. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ gan-an lè lo ọdún kan, agùnbánirọ̀ náà ọdún kan. Igi kò sì mọ IT. Kòkó fẹ́ ọdún mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, orógbó lè gbà tó ọdún mẹ́wàá, ìrókò ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ti ìrókò sílẹ̀ ná. Ohun tí mo bá wá lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá ń bójú tó irú oko yìí, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ó mú ọmọ oṣù mẹ́fà bá igi ogún ọdún gbé, kí ọ̀kan má ba èkejì jẹ́. Ebè kíkọ àti koríko ríro, ẹnikẹ́ni lè bá ọ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí permaculture jẹ́, nítorí àwọn kan ti sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Erékùṣù Tasmania ní Ọsirélíà ni orúkọ náà ti jáde, lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjì, ìwé wọn àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1978. Bill Mollison ni àgbà, olùkọ́ ni. David Holmgren ni ọmọdé, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Mollison ti ṣiṣẹ́ nínú igbó kìjikìji Tasmania rí, tó ń ṣọ́ ìrìn ẹranko. Ìbéèrè tó wà nídìí ìmọ̀ yìí kò le: kí ló dé tí igbó ń so tí ẹnikẹ́ni kò ro ó, tí oko tí à ń ro lójoojúmọ́ sì ń rẹ̀ sí i? Ẹ kíyè sí i pé àárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ńṣe ni Mollison ń rán Holmgren lọ ra àkàrà ni, a kì bá tí jókòó síbí lónìí.

Ìlànà wọn mẹ́ta ni: tọ́jú ilẹ̀, tọ́jú ènìyàn, kí o sì pín ohun tó bá ṣẹ́ kù. Èyí tó kù jẹ́ ọgbọ́n ibi tí a ń gbé nǹkan sí. Ohun tí à ń lò lójoojúmọ́ á wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí à ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á jìnnà díẹ̀, títí a ó fi dé agbègbè karùn-ún tó gbẹ̀yìn, èyí tó jẹ́ igbó tí a kì í fọwọ́ kàn, tí a kàn ń lọ wò kí a lè kọ́gbọ́n. Àgbẹ̀ Èkìtì kò nílò kí òyìnbó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ewúro àti ata wà lẹ́yìn ilé ìdáná, oko etílé wà fún oúnjẹ ọ̀sẹ̀, oko ẹgàn wà lọ́nà jíjìn. Agbègbè karùn-ún nìkan ló ṣòro fún wa. Yàtọ̀ sí igbó orò àti igbó òrìṣà, igbó tí a kò tíì ro, ilẹ̀ tó ń dúró de àdá ni lójú wa.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé permaculture ni àwọn baba wa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ sọ fún un pé ìdajì rẹ̀ ni. Wọ́n ń gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti kókò pọ̀ sójú kan, wọ́n sì ń dá ìrókò àti ọ̀pẹ sí láàárín oko. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sun oko, bó bá sì ti ṣá, wọn á fi í sílẹ̀. Ìyẹn dára nígbà tí ilẹ̀ pọ̀ tó láti sinmi ọdún méje, ọdún mẹ́wàá. Lóde òní, ẹni tó bá fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó lè padà dé kí ó bá fẹ́ǹsì.

Irú ìṣòro ọmọ oṣù mẹ́fà yìí ti ṣẹlẹ̀ rí nínú igbó ọba wa, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Láyé ìjọba òyìnbó, wọ́n gba ètò kan láti Burma tí wọ́n ń pè ní taungya. Wọ́n á pín ilẹ̀ nínú igbó ọba fún àgbẹ̀. Àgbẹ̀ á gbin iṣu àti àgbàdo tirẹ̀, á sì bá ìjọba gbin tíìkì tàbí gmelina sáàárín wọn, á máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, tí òjìji igi bá ti bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lórí ìwé, ètò náà dùn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò ní ìpín kankan nínú igi, bí igi bá sì ṣe ń yára dàgbà tó ni wọ́n ṣe ń yára lé e kúrò lórí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbẹ̀, kí ni ẹ ó ṣe? Ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn ló kú tí kì í ṣe ọ̀dá ló pa wọ́n. Èmi ò dá àwọn àgbẹ̀ yẹn lẹ́bi. Ẹni tó ṣe ètò tó mú kí ìfẹ́ àgbẹ̀ àti ìfẹ́ igi máa bára wọn jà ni kí a bi léèrè.

Ẹ wá wo ọmọ IT. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gba ìwé ẹ̀rí láìfọwọ́ kan irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní kí ọmọ lọ ra omi, kí ó lọ ṣe fọ́tókọ́pì. Ní oko, wọ́n á gbé ọkọ́ fún un, á máa ro láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bí alágbàro tí a kò san owó fún. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ẹni tó ń ka ọjọ́ kì í wo ẹsẹ̀ igi. Yóò fi àdá sán ọ̀gbìn mọ́ koríko, kò ní wẹ̀yìn.

Ohun tí à ń ṣe lóko wa nìyí. Ọmọ tó bá dé, a máa ń fún un ní nǹkan mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, tirẹ̀ ni wọ́n, orúkọ rẹ̀ la ó sì máa fi pè wọ́n.

Èkíní ni bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ tó rí omi àti ajílẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kí ó tó wọ ìkòkò. Kí oṣù àkọ́kọ́ tó pé, ọmọ náà ti fi ẹ̀fọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn jẹ iyán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sọ pé iyọ̀ ló pọ̀ jù, pé ẹ̀fọ́ náà dára. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Èkejì ni òkìtì ajílẹ̀. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ìdí òkìtì yìí ni mo ti ń mọ ọmọ tó ń ronú. Èèpo kòkó pọ̀ nílẹ̀ Èkìtì débi pé a kì í kà á sí nǹkan. Àwọn ìyá wa ló mọyì rẹ̀, eérú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Potassium tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló mú kí ó dára fún ọṣẹ, òun náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń wá kiri. Àmọ́ àgbẹ̀ máa ń la kòkó tán, á sì fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ ní òkìtì lábẹ́ igi kòkó. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àrùn tó ń mú kí ọmọ kòkó dúdú kí ó sì jẹrà lórí igi, tí àwọn onímọ̀ ń pe ohun tó ń fà á ní Phytophthora megakarya, inú ilẹ̀ àti inú irú èèpo bẹ́ẹ̀ ló ti lè dúró de òjò. Bí òjò bá ti dé, á tún fò mọ́ igi. Ẹ ń fi èèpo ọdún yìí bọ́ àrùn ọdún tó ń bọ̀.

Òkìtì tó gbóná dáadáa ló lè pa á. A máa ń to èèpo kòkó tí a ti fọ́ wẹ́wẹ́, koríko gbígbẹ, ìgbẹ́ adìẹ, àti ewé olódòdó yẹ́lò tó kún ẹ̀gbẹ́ títì wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tithonia. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń tò ó, kí ó ga ju mítà kan lọ, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí òkìtì kékeré kì í gbóná. Ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 55 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹni tí kò bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, kí ó ti ọ̀pá irin bọ àárín òkìtì, kí ó fi í síbẹ̀ díẹ̀, kí ó fà á yọ, kí ó dì í mú. Bí ọwọ́ bá lè dúró lára rẹ̀ pẹ́, òkìtì náà kò tíì ṣiṣẹ́. Bí a bá tú u ká tí a tún un tò kí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bọ́ sáàárín, oṣù méjì sí mẹ́ta ni ajílẹ̀ á ti dúdú, á sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò.

Ọmọ kan á wá bá mi pé, “Ọ̀gá, tèmi ń rùn o, ó ń rùn bí ilé ìtọ̀.” Inú mi á dùn. Ó ti dé ibi tí ẹ̀kọ́ wà. Mi ò ní dá a lóhùn, mo máa ní kí ó tú u. Yóò rí i pé omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé ìgbẹ́ adìẹ ti pọ̀ ju ohun gbígbẹ lọ, afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà wọlé. Òmíràn á ní tòun kò gbóná rárá: lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì ló kó kún inú rẹ̀ nítorí pé kò wúwo láti rù. Èyí tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì pé carbon gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 25 sí 30 nitrogen, ọjọ́ yẹn ló ń di ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wọn dáadáa. Òkìtì ló ń bá wọn rántí.

Ẹ̀kẹta ni igi tí ọmọ náà kò ní wà níbẹ̀ nígbà tó bá dàgbà. Gbogbo wọn ló fẹ́ gbin ìrókò, mo rò pé nítorí ìtàn tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Ìrókò kò sì rọrùn. Bí o bá gbìn ín sínú oòrùn gbangba, ìrókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò, kòkòrò tíntìnní kan tó ń jẹ́ Phytolyma á bá a. Ewé á wú ní kókókókó, kókó náà á là, orí ọ̀gbìn á kú. Ó ti ba ọ̀pọ̀ oko ìrókò jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ lọ wo ìrókò nínú igbó: ọ̀kan níbí, òmíràn lókè lọ́hùn-ún, igi olóríṣiríṣi láàárín wọn. Nítorí náà, a máa ń tú tiwa ká, a ń gbìn wọ́n sábẹ́ òjìji ayùnrẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kan náà ló ń ṣíji bo kòkó kékeré, tí à ń gbìn ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, èyí tó jẹ́ bíi 1,111 igi lórí hẹ́kítà kan. Àgbagbà ń mú owó wọlé kí kòkó tó mọ̀ pé òun jẹ́ kòkó.

Báwo ni ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe máa mọ igi tí ẹni àkọ́kọ́ gbìn? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oko bíi tiwa ti ń kú. Igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. A máa ń gé agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a ń fi ìṣó tẹ nọ́ńbà sára rẹ̀, a fi wáyà so ó mọ́ ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Máákà kì í rí òpin òjò. Ike á sì rún nínú ọyẹ́. Nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé kan tí kì í kúrò lóko: ẹni tó gbìn ín, ibi tí irúgbìn ti wá, ọjọ́ tó gbìn ín, ohun tó jẹ ẹ́, ohun tí a ṣe sí i. Inú àpótí irin ni ìwé náà ń gbé nítorí ìkán.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ foríjì mí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí lọ́gíbúùkù, ìwé tí ọmọ IT ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí. Gbogbo wa la mọ alẹ́ tí wọ́n ń kọ ọ́. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀yin ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò ni, oṣù mẹ́ta ní alẹ́ kan, bírò mẹ́ta kí ó lè dà bí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ dáadáa pàápàá, ilé ẹ̀kọ́ á gbà á, á lọ jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, oko tí ìmọ̀ náà ti wá kò ní rí i mọ́. Èyí tó wúlò fún wa jù ni ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ fi ń wà lóko pọ̀. Ẹni tó ń lọ á mú ẹni tó dé rìn láti igi dé igi, á fi òkìtì ajílẹ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. A máa ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ní Èkìtì tàbí èdè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí ohun tí ènìyàn ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kì í wọ inú ìwé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n sì parí lọ́jọ́ kan.

Mo mọ̀ pé kàlẹ́ńdà kò sí lọ́wọ́ yín. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ó di oṣù kẹwàá kí ó tó parí. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti máa ń dé bá wa nígbà kígbà, nígbà mìíràn nínú ọyẹ́ gan-an, tí ilẹ̀ le bí àpáta. Iṣẹ́ wà fún wọn nígbà yẹn náà. Òkè la wà ní Èkìtì, omi òjò kì í dúró fún wa. Ọmọ tó dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn á fi igi mẹ́ta ṣe ohun ìwọnlẹ̀ tó rí bíi lẹ́tà A: ẹsẹ̀ méjì, igi kan ní ìbú, okùn láti orí rẹ̀, òkúta nídìí okùn. Ibi tí okùn bá ti dúró sí ojú àmì tó wà láàárín igi ìbú, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Yóò fi í rìn kọjá ara òkè láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, á máa kan èèkàn. Ojú èèkàn yẹn la ó gbẹ́ kòtò sí, tí a ó sì gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti koríko sí etí rẹ̀ bí òjò bá dé, kí omi lè jókòó kí ó sì wọlẹ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọjá máa ń dúró wo ohun ìwọnlẹ̀ yìí ju gbogbo nǹkan mìíràn lóko wa lọ.

Àgbẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Bàbá àgbàlagbà kan ní abà tó múlé tì wá máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á bi àwọn ọmọ wa léèrè pé, “Uṣẹ́ ni, àbí ùwé?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ ohun tí wọn ó fi dá a lóhùn. Èmi rí i pé ìbéèrè gidi ni. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dá àáró ni ọ̀rọ̀ náà yanjú. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, àwọn ọmọ IT á lọ bá ará abà ro oko, kọ ebè, tàbí la kòkó; bí iṣẹ́ tiwa bá pọ̀, ará abà á wá san án padà. Kò sí owó níbẹ̀, gbogbo yín mọ òfin àáró. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú, ẹ̀yin àgbẹ̀ lẹ sì ń kọ́ ọ, nítorí náà ẹ má fi bú mi mọ́.

Àgbẹ̀ tó bá wá wo oko wa á yìn wá, á sì máa lọ sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ọmọ kan ti bá ro oko láti àárọ̀, tí wọ́n jọ jẹ iṣu sísun, bí ọmọ yẹn bá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó èèpo kòkó yìí jọ sójú kan, kí n fi nǹkan kan hàn yín,” á gbà. Ọmọ oṣù mẹ́fà lè ṣe èyí tí èmi tí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo kò lè ṣe. Mo jẹ́ ọ̀gá oko, wọ́n rò pé mo ń ta nǹkan. Ọmọ wọn ni ọmọ IT.

Etí igbó ní òfin tirẹ̀, mo sì le lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá ń wúkọ́ tàbí tí ọ̀fìnkìn ń mú kò gbọdọ̀ wọ inú igbó, nítorí ìnàkí súnmọ́ ènìyàn débi pé òtútù tí kò jẹ́ nǹkan kan fún wa lè pa á. A kì í da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn sílẹ̀ níbẹ̀. A kì í ra ẹran ìgbẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo kò gbọdọ̀ wà ní ààlà igbó, kí ọ̀bọ má baà rò pé àwọn la gbìn ín fún. Ata àti atalẹ̀ la ń gbìn síbẹ̀, wọn kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo máa ń bá àwọn tó fi íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ permaculture jà lé lórí: kì í ṣe gbogbo igi tí ìwé bá yìn la ń gbìn. Leucaena wà nínú àwọn igi tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Íbàdàn láti fi ọ̀wọ́ igi dá ilẹ̀ padà láàárín àgbàdo, iṣẹ́ náà sì gbayì. Ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n kà á mọ́ ọgọ́rùn-ún ohun àjèjì tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù láyé. Létí igbó ọba, ayùnrẹ́ tiwa ló tọ́, òun náà ń fún ilẹ̀ ní nitrogen. A ti rí ohun tí àjèjì lè ṣe: koríko tí àwọn àgbà ń pè ní Akíntọlá, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sí oko tí kò sí lónìí, bó bá sì gbẹ nínú ọyẹ́, iná ló ń dúró dè.

Iná náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Iná kan láti ọwọ́ ẹni tó ń lé òyà lè jó iṣẹ́ gbogbo ọmọ tó ti kọjá lóko náà ní ọ̀sán kan. Kí ọyẹ́ tó dé la ti ń ro ọ̀nà iná mọ́ yí oko ká. Bákan náà la ń lọ kí ẹgbẹ́ ọdẹ, àwọn ọmọ á bá wọn jókòó, wọ́n á gbọ́ ìtàn, wọ́n á sì sọ ibi tí àwọn ọ̀gbìn wa wà. Ọdẹ tó mọ ọmọ tó gbin igi kì í sábà ṣáná sí i lára.

Ti oúnjẹ àti ibùsùn, mi ò ní pẹ́: iyàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ fún àwọn obìnrin, bàtà òjò fún gbogbo ènìyàn nítorí ejò, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, owó díẹ̀ lóṣooṣù. Oko tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó má gba ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìbéèrè pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí n sọ òótọ́, ṣé owó wà níbẹ̀? Mo ní owó wà nínú àgbagbà, nínú ẹ̀fọ́, nínú ìgbín tí a ń sìn dípò kí a máa ṣà á nínú igbó ọba, nínú oyin náà. Kò tíì sí nínú ìrókò. Mo tún fi kún un pé ẹ̀kọ́ permaculture tó gba ìwé ẹ̀rí jẹ́ wákàtí 72, ó dára, ṣùgbọ́n kí ó má yá owó nítorí rẹ̀ kí ó tó mọ bí òkìtì ajílẹ̀ ṣe ń gbóná.

Ìyá kan tó jẹ́ àgbẹ̀ ló béèrè èyí tó le jù. Ó ní, “Ẹ̀ ń sọ pé ká gbin igi. Lórí ilẹ̀ ta?” Gbogbo ilé dákẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní abà yẹn ni àtìpó tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ pé onílẹ̀ kì í fẹ́ kí àtìpó gbin igi. Iṣu la ń wú lọ́dún kan. Igi lè di ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo sọ fún un pé a kò ní fún àtìpó kankan ní ọ̀gbìn láìjẹ́ pé onílẹ̀ mọ̀. Àdéhùn tí à ń kọ báyìí, ojú mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ àti baálẹ̀ abà la ti ń kọ ọ́: ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀, èso jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì gé igi tà, wọ́n á pín owó rẹ̀. Ìdílé kan ti fọwọ́ sí i. Òmíràn ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òtílì nìkan la gbìn sórí ilẹ̀ wọn. Ìyá náà ní ìpín owó igi kò tíì yé òun, pé tí òun bá kú ńkọ́, ṣé ọmọ òun á gbà á? Mo ní kò tíì sí nínú ìwé náà. Ó ní kí n lọ kọ ọ́ sí i kí n tó wá sí abà tiwọn.